Ta Ló Ní Èéfín Ń Ba Ọtí Jẹ́?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí ti tó sọ. Bí ìrẹsì òde àríyá bá gbọ́ èéfín igi, ẹ ó ní ó dùn. Ẹ ń jẹ ẹja yíyan, ẹ ń jẹ sùyà. Ṣùgbọ́n bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ìyá àgbà bá ní òórùn èéfín díẹ̀, ẹ ó yínmú, ẹ ó ní ọtí ará oko ni.

Ní ìlú Bamberg ní Jámánì, èéfín gan-an ni wọ́n fi ń yangàn. Ilé ìpọntí Schlenkerla àti Spezial ṣì ń fi iná igi yá ọkà báálì tó ti hù, kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Rauchbier, ìyẹn bíà eléèéfín, ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ bíà Yúróòpù ló ní òórùn yìí. Nígbà tí ààrò tí kì í jẹ́ kí èéfín kan ọkà dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù pa á tì. Bamberg kò pa tirẹ̀ tì.

Ẹnìkan lè ní oòrùn ni àwa fi ń sá àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká má fi iná igi yá a? Kí igi gbẹ, kí iná kéré, kí àgbàdo má jóná, torí èyí tó bá jóná á korò. Jíjóná ni àléébù, èéfín kọ́.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, tí a sì ń tijú ìkòkò ìyá wa, kí là ń kọ́ gan-an?