Iye Ọdún Kọ́ Ni Adùn: Ìdáhùn sí Àwọn Tí Ń Fi Nọ́ńbà Mu Wisikí ní Sabon Gari

Wisikí ni ọtí tí a fi ọkà ṣe, tí a fi iná sè, tí a sì tọ́jú sínú àgbá igi kí ó tó dé inú ìgò. Ọkà náà lè jẹ́ bálì, àgbàdo, àlìkámà tàbí ráì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tàbí tí ó ti rí àwọn obìnrin tí ń ṣe burukutu ní ilẹ̀ Àríwá: wọ́n á rẹ ọkà sómi títí yóò fi hu, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ibẹ̀ ni burukutu parí sí. Ti wisikí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n á tún gbé omi tó kan náà kaná, wọ́n á gba ooru tí ń jáde lára rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó tutù kí ó padà di omi, bí àwọn tí ń se ògógóró ti ń fi dúrọ́ọ̀mù àti páìpù ṣe é. Ohun tí ó bá jáde á mọ́ gaara bí omi òjò, á sì máa ta lẹ́nu. Igi ni yóò sọ ọ́ di wisikí.

Ohun tí Sábó jẹ́ fún àwọn Hausa ní Ìbàdàn ni Sabon Gari jẹ́ fún àwọn Yorùbá àti Ìgbò ní Kánò: àdúgbò àlejò tí ó ti di ilé. Láti Enugu Road dé New Road, nídìí ọtí àti ní òde ìsìnkú, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí etí ti gbọ́ kún: pé nọ́ńbà tí ó wà lára ìgò ni òṣùwọ̀n adùn rẹ̀. Méjìlá dára, méjìdínlógún dára jù ú, èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kò yẹ kí ẹni iyì gbé síwájú àlejò. Bí owó rẹ̀ bá wá wọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tí ń sọ ọ́ a máa fi òwe tì í lẹ́yìn, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n pa á fún. Ẹmu òwúrọ̀ kì í dúró di ọ̀túnla kí ó tó dùn. Ìran tí ó mọ̀ pé ẹmu a máa kan bí ó bá pẹ́ ni ó wá jókòó tí ó ń sọ pé ọtí tí ó bá ti pẹ́ ti dára.

Wisikí pọ̀ ní irú. Ti Scotland, tí à ń pè ní Scotch, kò gbọdọ̀ lo ohun tí ó dín ní ọdún 3 nínú àgbá igi óákù, àgbá náà kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Scotland. Agbára rẹ̀ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láwọn ibì kan níbẹ̀, pàápàá ní erékùṣù Islay, wọ́n a máa gé ilẹ̀ àbàtà bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a kí ó gbẹ, wọ́n á sì fi dáná yan bálì. Èéfín rẹ̀ á wọ inú ọtí bí èéfín ti ń wọ ara ẹja yíyan. Ti Ireland náà kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 3. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, Jameson pẹ̀lú, ni wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta, ìdí nìyẹn tí ó fi ń lọ lọ́fun wẹ́rẹ́. Bourbon ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní àgbàdo tí kò dín ní ìdá 51, inú àgbá tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ ni ó sì ń gbé. Adùn rẹ̀ súnmọ́ ti ṣúgà tí iná rà díẹ̀. Jack Daniel's, láti Tennessee, tún gba inú èédú igi mépù kọjá kí ó tó wọ àgbá. Ní India, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní wisikí ni ó ní ọtí ìrèké nínú, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò sì gbà kí a pe irú rẹ̀ ní wisikí.

Bí wọ́n ti yàtọ̀ síra tó nìyẹn. Ẹni tí ó bá wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo wọn gbogbo wọn dà bí ẹni tí ń fi iye oṣù tí èlùbọ́ àti gàrí lò nínú àpò dá wọn lẹ́jọ́.

Kí ni nọ́ńbà náà tilẹ̀ ń sọ? Iye ọdún tí èyí tí ó kéré jù nínú ìgò náà lò nínú àgbá ni. Bí wọ́n bá da ọtí ọdún 20 mọ́ ti ọdún 12, 12 ni òfin ní kí wọ́n kọ. Kò sọ irú àgbá tí ó jẹ́. Kò sọ bí ilé tí wọ́n kó àgbá náà sí ti gbóná tó. Kò sọ bóyá ọlọ́wọ́ rere ni ó yan àgbá náà àbí ọlọ́wọ́ òfo. Gbogbo ohun tí ó fi adùn sínú ọtí ni nọ́ńbà náà kò mẹ́nu bà.

Ọ̀rọ̀ àgbá ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti fọ́. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bourbon wọ àgbá tuntun. Bí wọ́n bá ti da ọtí kúrò nínú rẹ̀, àgbá náà kò wúlò fún bourbon mọ́, wọ́n á tà á, Scotland ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Níbẹ̀ wọ́n lè fi ọtí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà tí ń se àgbo mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Àgbo ọjọ́ kìíní dúdú, ó korò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Wọ́n á bù ú mu, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á tún gbé e kaná. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ karùn-ún, ewé àti egbò ṣì wà nínú ìkòkò, omi ìkòkò náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹni tí ó bá mu ún kò rí ìkorò kankan lẹ́nu. Bí a bá fi omi tuntun sínú ìkòkò yẹn, tí ó sì wà níbẹ̀ fún odindi oṣù kan, ṣé yóò lágbára tó ti ọjọ́ kìíní? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọtí tí ó lo ọdún 18 nínú àgbá tí ó ti rẹ̀ ṣe lè wà lẹ́yìn èyí tí ó lo ọdún 8 péré nínú àgbá tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó ra ti ọdún 18 yẹn ti ra àgbo ọjọ́ karùn-ún, ó sì sanwó rẹ̀ ju ẹni tí ó ra ti ọjọ́ kìíní lọ.

Ooru tún wà níbẹ̀. Bí ooru bá mú, ọtí á wọ inú igi. Bí ó bá tutù, á padà jáde, á sì mú adùn igi bọ̀. Scotland tutù, iṣẹ́ yìí sì ń falẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọtí inú àgbá ni ó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ lọ́dọọdún. Ní Bangalore ní India, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wisikí Amrut, ó lè tó ìdá 10 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ìdá 2 bá ń lọ lọ́dún, àgbá ọdún 18 ti pàdánù nǹkan bí ìdá 30. Apá kan nínú owó tí oníbàárà ń san, owó ohun tí ó ti fẹ́ lọ ni. Bí ó bá jẹ́ ìdá 10, ọdún 5 ti kó ìdá 40 lọ. Bí wọ́n bá gbé irú àgbá bẹ́ẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń mú bíi ti Kánò ní oṣù kẹrin, tí wọ́n ní kí ó lo ọdún 18, ìdá 15 lè má kù nínú rẹ̀, ìwọ̀nba tí ó bá sì kù á korò bí èèpo igi. Ọdún 18 níhìn-ín kì í ṣe ọdún 18 lọ́hùn-ún. Nọ́ńbà kan náà ni, ọtí ọ̀tọ̀ ni.

Ní Taiwan, ọdún 2005 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Kavalan sílẹ̀. Ní ọdún 2015, ìdíje World Whiskies Awards pe ọ̀kan nínú ọtí wọn, Solist Vinho Barrique, ní single malt (wisikí bálì nìkan láti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo) tí ó dára jù lọ ní àgbáyé. Wọn kò tíì lo ọdún 10 nídìí ọtí sísè nígbà náà, kò sì sí nọ́ńbà ọdún kankan lára ìgò náà. Bí Taiwan bá jìnnà jù, kí a wo tòsí: Johnnie Walker Blue Label, tí gbogbo tábìlì ń dákẹ́ fún bí wọ́n bá gbé e jáde, kò ní nọ́ńbà ọdún lára. Àwọn tí ń sọ pé ìgò tí kò ní nọ́ńbà kò yẹ ẹni iyì náà ni wọ́n ń dìde dúró kí i. Kí wọ́n mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìgò ọdún 12 tí wọ́n gbé pamọ́ sí wọ́dúróòbù fún ọdún 15, tí wọ́n wá gbé jáde níbi ìgbéyàwó ọmọ pé ó ti di ọtí ọdún 27. Ìgò kì í ṣe igi. Ọjọ́ tí wisikí wọ inú ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ dúró. Bí èdìdì rẹ̀ kò bá já, tí oòrùn kò sì pa á, bí wọ́n ti rà á ni wọn yóò bá a. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i, tí ó wá ku ìdajì, afẹ́fẹ́ ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọdún 15 ni ọtí tí ì bá dùn mọ́ ẹni lẹ́nu fi wà láàárín aṣọ òkè.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò dúró. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní iye ìjọba. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ó ti kọjá 1,500. Ìgò tí ọkọ̀ òkun gbé wọlé ní ìgbà méjèèjì, ọtí kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣé ó dùn ní ìlọ́po mẹ́ta? Kánò tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ náà gba òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, àjọ Hisbah tí ń mú òfin náà ṣẹ kò sì dẹwọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 wọ́n fọ́ nǹkan bí 240,000 ìgò bíà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ń kó ọtí wọlé mọ̀ pé ẹrù òun lè má dé, ó sì ń gbé ewu yẹn lé orí owó. Ẹni tí ó bá ra ìgò ní Sabon Gari san owó ọtí, owó dọ́là àti owó ìbẹ̀rù, lẹ́yìn náà ó wá sọ pé gbogbo rẹ̀ ni òun tọ́ wò lẹ́nu.

Ibi tí iyì ìgò olówó ńlá yìí ti wá kò pamọ́. Àdéhùn Brussels ọdún 1890 dí ọ̀nà mọ́ ọtí líle ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà, ìjọba amúnisìn sì sọ Àríwá Nàìjíríà di ibi tí a kò gbọdọ̀ ti ta á fún ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn òyìnbó ń mu tiwọn. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti tẹ Sabon Gari dó, lẹ́yìn tí reluwé dé Kánò ní ọdún 1911. Ohun tí wọ́n fi du èèyàn bẹ́ẹ̀ a máa di ohun àfẹ́rí, owó rẹ̀ a sì di ẹ̀rí pé ẹni tí ó rà á ti dé ipò ọ̀gá. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó yẹ kí wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù yẹn sílẹ̀. Ìtìjú gidi ni pé ọkùnrin tí kò tíì san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń yáwó ra ìgò ọdún 18 nítorí kí àwọn ẹgbẹ́ má baà fi ojú ẹni tí ń mu Red Label olówó pọ́ọ́kú wò ó, kí wọ́n sì tún da Coke lé e lórí tán.

Àwọn ìgbàgbọ́ kéékèèké yòókù kò gba àkókò. Pé ọtí tí ó pọ́n dúdú ni ó gbó: òfin Scotland gbà kí wọ́n fi kárámẹ́ẹ̀lì pa á láró. Pé èyí tí ó bá ta lọ́fun ni ó lágbára: agbára rẹ̀ wà ní kíkọ sára ìgò, kí wọ́n kà á. Pé single malt nìkan ni wisikí: àdàlù ni Black Label tí wọ́n ń yìn.

Ẹnu ẹni ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹja yíyan yóò fẹ́ràn èéfín tí ó wà nínú Teacher's tàbí Black Label. Ẹni tí ó fẹ́ adùn ṣúgà, kí ó wo Jim Beam. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọtí bá òun jà, Jameson wà fún un. Ẹni tí yóò da míńírà sí i kò nílò ju àdàlù tí owó rẹ̀ kò wọ́n lọ. Míńírà yóò bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá ń jiyàn, ife mẹ́ta ti tó. Kí ẹnì kan lọ sẹ́yìn ilé, kí ó bu ti owó pọ́ọ́kú, ti ọdún 12 àti ti ọdún 18 sínú wọn, kí ó lẹ àmì sí ìdí ife kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé wọn wá. Kò sí yìnyín, kò sí míńírà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà díẹ̀, kí wọ́n tọ́ ọ wò, lẹ́yìn náà kí wọ́n kán omi díẹ̀ sí i. Omi yóò máa fà bí òróró tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, òórùn tí ó ti fara pamọ́ yóò sì jáde. Kí kálukú sọ èyí tí ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n tó yí ìdí ife sókè.

Ó ku ti ayédèrú. Ìgò olówó gọbọi a máa fa àwọn tí ń ṣe ayédèrú mọ́ra, nítorí pé èrè wà nínú rẹ̀.  Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti oògùn, kí a wo èdìdì ọrùn ìgò bóyá ọwọ́ ti kàn án, kí a gbé e sókè síwájú iná bóyá ohun kan ń léfòó nínú rẹ̀. Bí ọtí bá sì tán, ìgò òfìfo yẹn ṣì níye lórí lọ́jà fún ẹni tí yóò tún un rọ. Kí a ya bébà ara rẹ̀ kúrò, kí a tẹ ìdérí rẹ̀ bàjẹ́, kí a tó gbé e síta fún àwọn tí ń ra ìgò kiri.