Ẹ̀sùn Mẹ́fà Lọ́rùn Àwọn Tó Ń Lu Etí

Ẹ̀yin tí ẹ ń lu etí àti imú fún ènìyàn lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, lábẹ́ bíríìjì àti láti ojúlé dé ojúlé, ẹ̀yin la pè lẹ́jọ́. A ò kórìíra iṣẹ́ yín. Yorùbá ti ń lu etí ọmọbìnrin kí òyìnbó tó dé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gba yẹtí lọ́wọ́ obìnrin. Ẹjọ́ kan ṣoṣo la bá yín rò, bó tilẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́fà: ojú oníbàárà lẹ ń ṣe ìmọ́tótó fún, ẹ kì í ṣe é nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òwú funfun, sípíríìtì tó ń run nímú, ìbọ̀wọ́ tó ń dán, gbogbo èyí tí ojú lè rí lẹ tọ́jú. Èyí tí ojú kò lè rí, tó sì jẹ́ òun gan-an ló ń ṣe ènìyàn léṣe, lẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é bó ṣe yẹ wà láàárín yín. Ẹ̀sùn yìí kò kàn wọ́n.

Ẹ̀sùn kìíní: Ẹ ń fi ohun èlò kan gún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bí ẹ bá lu etí ẹnì kan tán, ẹ ó fi òwú nu abẹ́rẹ́, ẹ ó sì pe ẹni tó kàn. Ẹ rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá hàn lára irin, irin ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè lára ohun tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ń pè ní NAIIS, tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, fi hàn pé bí a bá kó 100 àgbàlagbà jọ, nǹkan bí 8 nínú wọn ló ní kòkòrò yìí lára. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, nítorí àrùn náà lè fi ọdún púpọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ kó tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀: bí ogún àgbàlagbà bá jókòó síwájú yín lọ́jọ́ ọjà, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tàbí méjì nínú wọn ti gbé e wá.

HIV nìkan ni àwọn oníbàárà yín ń bẹ̀rù. Àwọn dókítà mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ìṣègùn tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV wà lára rẹ̀ bá gún 1,000 ènìyàn, ó máa ń ran bí 3. Bó bá jẹ́ ti mẹ́dọ̀wú B, tí àwọn tó gún kò sì gba àjẹsára, nínú 100 péré, ó lè ran láti 6 dé 30. Ẹni tó bá sì kó o, ìrora kò ní mú un padà wá sọ́dọ̀ yín lọ́la. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún ni ikùn rẹ̀ máa wú, kò sì ní rántí yín rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sẹ́ni tó ti ọwọ́ yín kó àrùn rí.

Ẹ̀sùn kejì: Ìbọn yín kò ṣeé sọ di mímọ́, ẹ mọ̀, ẹ sì ń lò ó.

Ìbọn tí ẹ fi ń lu etí, ike ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ike náà kò lè fara da ooru ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo kòkòrò, torí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí inú rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà. Àwọn èyí tí gbogbo ibi tó ń kan ara jẹ́ ohun àlòdànù wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà nínú báàgì ọ̀pọ̀ yín.

Aburú kejì tún wà níbẹ̀. Ìbọn kì í gún ara bí abẹ́rẹ́ mímú. Yẹtí tí ẹnu rẹ̀ kú ló ń fi tipátipá tì wọnú ẹran. Ewé etí lè fara dà á, nítorí ó rọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀ dáadáa. Kerekere òkè etí àti ti imú kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà bó bá fọ́, ó ń pẹ́ kó tó jinná. Bí ọyún bá sì wọ ibẹ̀, oògùn kì í tètè débẹ̀. A ti rí etí tó ká kò mọ́ bí ewé tí iná rà. Ẹgbẹ́ àwọn tó fi lílu ara ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, Association of Professional Piercers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn lòdì sí ìbọn yìí. Oníṣẹ́ ló bá oníṣẹ́ wí, kì í ṣe dókítà tó ń gbógun ti yín.

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ pe sípíríìtì ní ohun tí kò jẹ́.

Fífọ nǹkan yàtọ̀ sí pípa púpọ̀ nínú kòkòrò tó wà lára rẹ̀, ìyẹn náà sì yàtọ̀ sí pípa gbogbo wọn láì ku ẹyọ kan. Ohun tó bá fẹ́ gún awọ ènìyàn, ìkẹta yìí ló tọ́ sí i. Sípíríìtì kò lè ṣe é, Dettol kò lè ṣe é, iná ìṣáná kò ṣeé gbọ́kàn lé, omi híhó pàápàá kò lè ṣe é, nítorí pé àwọn kòkòrò kan, ti tẹ́tánọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ní èèpo líle tí wọ́n ń fara pamọ́ sí títí ewu yóò fi kọjá. Ẹ̀rọ autoclave ló ń ṣe é. Oru gbígbóná rẹ̀ máa ń dé 121°C lábẹ́ ìfúnpá, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ ohun èlò náà, tí ẹ sì ti dì í sínú àpò tí àmì ara rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà bí oru bá ti kàn án.

Bí ẹ bá rò pé oògùn apakòkòrò tó wà nínú ìgò ti tó, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000. Àwọn tó lọ lu òkè etí ní ìsọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ní etí wíwú àti ọyún. Ẹni 7 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára wọn, wọ́n sì fura sí ẹni 18 mìíràn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa kòkòrò náà, Pseudomonas, inú ìgò oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sára yẹtí ni wọ́n ti bá a. Ẹ̀yin tí ẹ ń bu omi kún sípíríìtì kó lè pẹ́ tán, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ìbọ̀wọ́ yín, ara tiyín ló ń bò.

Ìbọ̀wọ́ kan láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́: òun lẹ fi gba owó, òun lẹ fi tẹ fóònù, òun lẹ fi gbé àga, òun náà lẹ sì fi di etí ọmọ ọlọ́mọ mú. Ọwọ́ tí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ní àfọ̀tán sàn ju ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ẹ ò ṣàánú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń lu etí ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìlànà àjẹsára Nàìjíríà ni pé ọmọ yóò gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà tẹ́tánọ́ọ̀sì nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Lọ́jọ́ kẹjọ, kò tíì gba ẹyọ kan. Ààbò kan ṣoṣo tó ní ni èyí tó bá wá láti inú ìyá rẹ̀, bí ìyá bá gba abẹ́rẹ́ nínú oyún. Ẹ̀yin kì í bèèrè. Àwọn dókítà ọmọdé lórílẹ̀-èdè yìí ti ka etí lílu mọ́ ojú ibi tí tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbà wọ ara ọmọ tuntun, pẹ̀lú ìwọ́ àti ilà abẹ́. Ọmọ tó bá mú kò ní lè mu ọmú mọ́, ẹnu rẹ̀ yóò dì pa, ara rẹ̀ yóò sì máa le gbagidi. Kí ló ń lé yín? Etí ọmọ kò ní sá lọ kó tó pé oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀sùn kẹfà: Ẹ ta irin burúkú, ẹ sì fi ìmọ̀ràn burúkú ṣe ènì.

“Góòlù” tí ẹ ń fi sí ojú egbò tútù, nickel ló kún abẹ́ rẹ̀. Irin yìí máa ń mú kí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn yún, kó pọ́n, kó máa sun omi, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò máa bá a jà títí ayé ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin dín in kù nínú yẹtí láti 1994. Titanium tí wọ́n ń fi sínú ara nílé ìwòsàn, tàbí ojúlówó góòlù, ló yẹ ojú egbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ó ní kí ìyá ọmọ máa fi àdín pa á, ẹ ó ní kó máa yí yẹtí po láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ó ní bí ó bá bọ́, kó ki igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìgbálẹ̀ tó ti gbálẹ̀! Omi iyọ̀ mímọ́ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tí iyọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ọwọ́ tó mọ́, ti tó. Ewé etí ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, òkè etí lè gba ọdún kan. Ẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kì í sì bèèrè bóyá àpá máa ń wú gọ̀gọ̀ lára àwọn ẹbí oníbàárà, bẹ́ẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni àpá wíwú ń bá jà jù.

Àwíjàre yín

Ẹ ó ní, “Ìyá àgbà fi abẹ́rẹ́ àti òwú lu etí gbogbo wa, kò sẹ́ni tó kú.” Àwọn tó kú kò sí níbí láti jẹ́rìí. Ìyá àgbà pẹ̀lú, ọmọ ilé tirẹ̀ ló ń lu, kì í lu ogún àjèjì láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Ẹ ó tún ní owó kò sí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù, kò gbówó lórí. Ẹ fi owó rẹ̀ kún iye tí ẹ ń gbà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà.

Àwọn tó jẹ̀bi pẹ̀lú yín

Òbí tó ń ná owó etí lílu bí ẹni ń ná ata, tí kò sì bèèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ti wá, jẹ̀bi. Ìjọba jẹ̀bi jù ú lọ. Abala 24 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ilà kíkọ àti ara fífín sí ẹ̀ṣẹ̀ bó bá jẹ́ ara ọmọdé, ó sì fi owó ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì, lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yẹ báàgì àwọn tó ń lu etí wò lọ́jà ńkọ́? Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin 1982 ti fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti forúkọ àwọn tó ń lu etí sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe òfin ìmọ́tótó fún wọn. Àwa náà ní wolé-wolé. Wọ́n ń wo inú àmù, wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wo ìsọ̀ alápatà. Kí wọ́n ya ìsọ̀ yín náà.

Ìdájọ́ tí a ń bèèrè

A ò ní kí wọ́n tì yín mọ́lé. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ yín sílẹ̀ kí wọ́n sì kọ́ yín níṣẹ́. Kí ẹ má fi ìbọn kan òkè etí tàbí imú mọ́. Kí ẹ dá ọmọ tí kò tíì gba àjẹsára padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí ẹ má ju abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ike líle ni kó lọ. Kí òbí náà má sì gbé ọmọ jókòó láìjẹ́ pé ó fi ojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí wọ́n ya ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹni tí kò bá lè ya ọ̀rá náà lójú oníbàárà, kó gbé àga rẹ̀ kúrò lọ́jà.