Dígí Kì í Ṣe Àjèjì ní Ifẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Fèrèsé Ilé Ìsìn Wa

Ìmọ́lẹ̀ ni Ìwé Mímọ́ kọ́kọ́ sọ pé Ẹlẹ́dàá pè jáde, ìmọ́lẹ̀ náà sì ni Jésù Olúwa fi ara Rẹ̀ wé nígbà tí Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ ń kọ́ ilé fún ìsìn Ọlọ́run, wọn kò ka fèrèsé sí ihò afẹ́fẹ́ lásán, wọ́n fi dígí aláwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé bọ̀ lè máa wàásù bí ó ti ń wọlé. Ohun tí mo fẹ́ bá àwa ará Òkèrèwè àti gbogbo ọmọ Ilé-Ifẹ̀ sọ ni pé ó tó àkókò kí ilé ìsìn wa ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí àwòrán inú rẹ̀ sì jọ wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fínnífínní. Oníṣẹ́ a po ohun alumọ́ọ́nì mọ́ iyanrìn tí ó ń yọ́ nínú iná ìléru, kí àwọ̀ lè ti inú dígí wá. Yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò fi ọ̀dà ya ojú àti ìṣẹ́po aṣọ sí i, yóò tún un sun nínú iná, lẹ́yìn náà ni yóò fi òjé tẹ́ẹ́rẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi ìtàn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó ń jẹ́: pupa ń sọ ti ẹ̀jẹ̀ àwọn ajẹ́rìíkú àti iná Ẹ̀mí Mímọ́, búlúù ń sọ ti ọ̀run àti ti Maria, àwọ̀ ewé ń sọ ti ìrètí. Kìnnìún dúró fún Marku, akọ màlúù fún Luku, idì fún Johanu. Ẹyẹ òfú, tí àwọn ará àtijọ́ gbà pé ó ń fi ẹ̀jẹ̀ àyà ara rẹ̀ bọ́ ọmọ, dúró fún Olúwa tí Ó fi ara Rẹ̀ rúbọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà: ní ọdún 600, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Marseille ń fọ́ àwọn àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì, Póòpù Gregory Kìíní kọ̀wé bá a wí, nítorí pé inú àwòrán ni púrúǹtù ti ń rí ẹ̀kọ́ gbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọgbọ́n òyìnbó nìkan ni èyí, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti í mọ́ wáyé, ti ń yọ́ dígí kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀: Leo Frobenius ará Jámánì walẹ̀ ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní 1910. Ní ayé tiwa yìí, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí dígí yíyọ́ gbẹ mọ́ nínú. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni àwọn baba wa ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí ó wà ní ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi po dígí tí irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn. Kóbọ́ọ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi ń sọ ìlẹ̀kẹ̀ di búlúù. Kóbọ́ọ̀tì yìí kan náà ni ó fún fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chartres, ní ilẹ̀ Faransé, ní búlúù tí gbogbo ayé ń lọ wò, ní nǹkan bí ìgbà kan náà tí iná ìléru ń jó ní Ifẹ̀.

Ẹ̀rù ń ba àwọn onígbàgbọ́ kan pé àwòrán lè di òrìṣà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù náà. Ṣùgbọ́n Mose tí ó gba òfin tí ó ka ère léèwọ̀ ni Ọlọ́run pàṣẹ fún pé kí ó ṣe iṣẹ́ ọnà kérúbù sára aṣọ ìkélé àgọ́ àjọ. Ìforíbalẹ̀ fún àwòrán ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

A kò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ní 1947 ni Fadá Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn agbẹ́gilére ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí wọ́n sì gbẹ́ àwọn amòye ìlà-oòrùn bí ọba Yorùbá. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ ti ṣiṣẹ́, Mùsùlùmí tí ó gbẹ́ ère fún ilé Ọlọ́run, tí ó sì wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978. Ní Èkó, Yusuf Grillo, tí ó kú ní 2021, fi dígí aláwọ̀ sí fèrèsé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé owó ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn àgbà ìjọ. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó ń múra àtúnṣe ilé ìsìn fi fèrèsé kan ṣoṣo, èyí tí ó wà lókè pẹpẹ, bẹ̀rẹ̀. Kí ẹbí tí ó fẹ́ ṣe ìrántí òbí wọn gbé òmíràn ró. Kí a sì ké sí àwọn ayàwòrán tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti kọ́ níṣẹ́. Kí wọ́n ya Maria pẹ̀lú ìró, bùbá àti gèlè, kí sẹ̀gi wà lọ́rùn rẹ̀. Kí àwọn amòye dé adé ìlẹ̀kẹ̀ wá kí Ọmọ tuntun. Ìgbà náà ni ọmọ Òkèrèwè tí kò tíì mọ̀wé kà yóò mọ̀ pé nítorí ìran tirẹ̀ náà ni Olúwa ṣe wá sí ayé.