Owó Oṣù Lọ́yà Kékeré Ni Kí Ààrẹ Tuntun Fi Ọdún Àkọ́kọ́ Jà Fún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ àgbà amòfin kan lórí rédíò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi í pé kí ni kí ààrẹ tuntun Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, kọ́kọ́ dáwọ́ lé bó bá gorí àléfà. Ó ní ohunkóhun, àfi ariwo owó oṣù tí àwọn lọ́yà kéékèèké ń pa. "Ìyà ló ń sọ lọ́yà di lọ́yà," bó ṣe wí nìyẹn. Ó ní nígbà tiwọn, owó ọkọ̀ lásán ni ọ̀gá ń fún wọn, wọn ò sì kú. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi.

Mo fẹ́ sọ tèmi láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Owó oṣù àwọn lọ́yà kékeré ni kí ààrẹ tuntun fi gbogbo ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ jà fún. Bó bá ṣe nǹkan mìíràn kún un, a ó dúpẹ́. Bí kò bá ṣe èyí, ó ti fi sáà rẹ̀ ṣòfò.

Ọdún méjì ni sáà ààrẹ NBA. Ìparí oṣù kẹjọ, níbi àpérò ọdọọdún, ni wọ́n máa ń gbé ipò náà lé e lọ́wọ́. Bí ọdún kejì bá ti wọlé, ìbò ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ ti gba gbogbo ẹka ẹgbẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó tún ń ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ sí. Ọdún kan ṣoṣo ló ní láti fi ṣiṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ bàbá orí rédíò yìí wò dáadáa. Ó ní ìyà. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ká má tíì ka oṣù tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ jẹ mọ́ ọn. Ó lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin, òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ tàbí kí wọ́n jẹ gbèsè kó lè san owó ibẹ̀. Ó ra wíìgì, ó ra gáùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn, láti Mọ́níyà ló ti ń wọkọ̀ lọ sí kóòtù Ìyàgànkú láràárọ̀. Òun ló ń kọ ìwé ẹjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń fọwọ́ sí, òun ló ń dúró gba ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ nígbà tí ọ̀gá bá wà lóde àríyá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà ni wọ́n ń fún un lóṣù. Owó náà kì í bá a dé ìdajì oṣù. Ṣé ìyẹn ò tíì tó ìyà?

Ó tún ní "nígbà tiwa." Nígbà tiwọn, àwọn lọ́yà tó wà nílùú mọ ara wọn lórúkọ. Ọ̀gá máa ń gba ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílé, á bọ́ ọ, ìyàwó ọ̀gá á mọ̀ bó bá ń ṣàìsàn, bó bá sì ṣe bí ẹni tó ti mọṣẹ́, ọ̀gá á fa oníbàárà lé e lọ́wọ́. Kí ló dé tí kò dárúkọ ìyẹn lórí rédíò? Mélòó ló ti gbà sílé nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lónìí? Bí ìyà bá sì dùn tó bẹ́ẹ̀, kó sọ ibi tí ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣe lọ́yà fún wa, kó sì sọ iye tí wọ́n ń san fún un níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní dáhùn. Ẹni tí ebi pa nígbà kékeré tó wá dàgbà, tó ní ebi dára fún ọmọ ẹlòmíràn, ọ̀dájú ni.

Òfin owó oṣù tó kéré jù, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni kí òṣìṣẹ́ máa gbà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà wo ló ń gba èèyàn 25 síṣẹ́ yàtọ̀ sí àwọn ńláńlá Èkó àti Àbújá? Báyìí ni ẹni tó ń gbálẹ̀ sẹkitéríàtì ṣe ń gbowó ju ẹni tó ń rojọ́ ní kóòtù lọ.

Èyí tó wá dùn mí jù rèé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àṣẹ jáde tó fi iye tó kéré jù lélẹ̀ tí oníbàárà gbọ́dọ̀ san fún lọ́yà. Ẹgbẹ́ jó, ẹgbẹ́ yọ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dowó pọ́ọ́kú lé iṣẹ́ amòfin. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ kí oníbàárà rẹ́ òun jẹ, kò gbọ́dọ̀ rẹ́ ọmọ tó ń bá a ru fáìlì jẹ.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kò lágbára láti fìyà jẹ ọ̀gá. Ní 1984, tí NBA ní kí lọ́yà kankan má lọ síwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba ológun Bùhárí fi ń gbẹ́jọ́ àwọn olóṣèlú, Gani Fawehinmi, lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, lọ, nítorí ó gbà pé ó yẹ kí àwọn tó kówó jẹ wá jẹ́jọ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àbùkù. Gani! Ẹni tó ń gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọn ò sì fún ní oyè SAN, oyè àgbà lọ́yà tó ga jù lọ, títí di 2001. N kò tíì dárí jì wọ́n. Ìwé wà fún Gani, ìwé kò sí fún ẹni tó ń fi ebi pa ọmọ iṣẹ́.

Ní 2022, nígbà tí àwọn lọ́yà ń já báàgì gbà lọ́wọ́ ara wọn níbi àpérò ọdọọdún NBA ní Èkó, gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀, ebi ni mo rí. Ọdún méjì náà ni Alao Aka-Bashorun lò gẹ́gẹ́ bí ààrẹ NBA, 1987 sí 1989, lójú ológun, tí orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ títí dòní. Ìjà ló jà, kì í ṣe báàgì ló pín.

Ààrẹ tuntun, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí mọ ìbò dì. Ní 2020, Olumide Akpata tí kì í ṣe SAN fẹ̀yìn SAN méjì gbálẹ̀ nínú ìbò ààrẹ NBA, ìbò àwọn ọ̀dọ́ sì wà lára ohun tó gbé e wọlé. Fi iye owó oṣù tó kéré jù síta. Ní kí ìgbìmọ̀ tó ń bẹ ọ́fíìsì àwọn tó ń wá oyè SAN wò béèrè ẹ̀rí owó oṣù níbẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni gbèdéke owó tí gbogbo lọ́yà ń san lọ́dọọdún kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́. Kí iye náà ti wà nílẹ̀ kọ́jọ́ yẹn tó pé, kí o sì rí i pé ọ̀gá tí kò bá san án kò rí èdìdì ẹgbẹ́ tí lọ́yà ń lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀ gbà.