Ẹ Bi Ọdẹ Pẹ̀lú

Bí ènìyàn bá la ọjà Ouando kọjá ní Àjàṣẹ́ wa yìí, tí ó yà sí ọgbà Songhaï tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, yóò rí ọ̀yà tí ń fi eyín gígùn rún koríko wómúwómú, ẹran tí àwọn baba wa ń lé kiri inú ìgbẹ́ kí ìwádìí tó sọ ọ́ di ohun ọ̀sìn. N kò bá ìwádìí jà, ẹran ọ̀yà kúkú dùn lẹ́nu mi; ṣùgbọ́n láti 1959 ni Russell àti Burch, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì méjì, ti là á yé ayé pé kí olùwádìí wá ohun mìíràn rọ́pò ẹran tí ó ń lò fún ìdánwò, bí kò bá sì sí, kí ó dín iye wọn àti ìrora wọn kù, èyí tí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ àgbà pé kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ǹjẹ́ bí ìjọba bá fẹ́ gbé ìlànà kalẹ̀ lórí lílo ẹran fún ìwádìí, kí wọ́n má ṣe pe olùwádìí aláṣọ funfun nìkan jókòó. Kí wọ́n pe ìyá tí ń ta ọ̀yà yíyan, kí wọ́n pe ọdẹ tí ó mọ bí ẹran ti ń kérora, kí wọ́n sì fi Ògù àti Yorùbá bi wọ́n, kì í ṣe Faransé ṣáá.