Bí o bá ń lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ ní London, má fi gbèsè sílẹ̀ fún un

Bí òtútù bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wa: "Mo ń bọ̀ ní London lópin ọ̀sẹ̀ o, wá mú mi jáde." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa jẹ gbèsè torí pé a fẹ́ wo ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé dìgírì níbí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Owó tí ẹni méjì máa fi gun London Eye ju owó iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn, ẹ kò sì tíì jẹun. Bó bá tún lọ jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ló ń ṣiṣẹ́, tó wá gbàyè nítorí rẹ, ó pàdánù lápá méjèèjì.

Àwọn kan á ní, "Yorùbá kì í jẹ́ kí àlejò sanwó." Òótọ́ ni. Àmọ́ nílé, iṣu tí a gún fún àlejò, oko tàbí ọjà ìtòsí ló ti wá, gbogbo agbo ilé ló sì ń bá onílé gbé ẹrù náà. Níbí, yàrá kan ṣoṣo ni, òun nìkan ló ń san owó rẹ̀. Àṣà wa kan náà ló sì ní kí àlejò má wá lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó dára jù láti rí ní London kò tilẹ̀ gbowó. Ọ̀fẹ́ ni láti wọ British Museum. Orí idẹ kan láti Ifẹ̀ wà níbẹ̀: agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde ní 1938, ó sì dé ọwọ́ wọn ní 1939. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ jiyàn bóyá ó yẹ kó padà sílé. Ọ̀fẹ́ ni òkè Greenwich, níbi tí ẹ ti lè wo ìlú títí dé odò Thames. Ẹ fẹsẹ̀ rin Tower Bridge kọjá. Ẹ lọ sí Peckham, kí ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń ta ata. Bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́, káàdì ni. Bí o bá sì ti sanwó lẹ́ẹ̀kan, o lè wọ òmíràn láàárín wákàtí kan láìsan kún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gààrí àti èlùbọ́ ló gbé wá, káàdì ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀. A jókòó lórí òkè Greenwich fún wákàtí méjì. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí òun ti bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá lójúkojú kẹ́yìn, àti pé òun ti ń rò ó láti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ká ní ìlà tíkẹ́ẹ̀tì la ti lo ọjọ́ náà, bóyá ni ì bá sọ ọ́. Ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, bi ọ̀rẹ́ rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: ọjọ́ wo ni o kì í ṣiṣẹ́? Ṣé wọ́n gbà kí àlejò sùn ní ilé yín? Kí ni kí n gbé bọ̀? Onílé náà, bí owó kò bá sí, sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.