Ẹni Tó Ra Ẹran Ló Rán Ọdẹ Níṣẹ́

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ìbàdàn àti l'Ékòó tí ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n lọ́bẹ̀ yín, gbogbo wa lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọyẹ́ ti dé. Koríko ti gbẹ. Ẹ má jẹ́ ká jókòó máa retí ìjọba. Iṣẹ́ wà tí ọwọ́ wa ká lónìí.

Ẹ mọ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Tedé, Ìgbòho, Kíṣì àti Ìgbẹ́tì ló múlé tì í. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ láàárín 1830 sí 1840. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, igi àti koríko ló jọ ń gbé e. Ibẹ̀ ni ilé ẹfọ̀n, ìrá, egbin, ìgalà, ẹtu, ìmàdò, ìjímèrè, ọ̀nì àti awó.

Ẹ wo ohun tó ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní gbogbo Nàìjíríà, kìnnìún tó kù nínú igbó kò tó 50. Ọgbà ẹranko Kainji àti ti Yankari nìkan ni wọ́n ti ń rí wọn. A ṣì ń fi kìnnìún ki èèyàn, ṣùgbọ́n ọmọ wa kò lè rí i àfi nínú àwòrán. Ẹ má jẹ́ kí egbin náà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kò lè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó wọ ọgbà lóru kò wọ ibẹ̀ lásán. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró de òun lọ́jà. Ẹni yẹn, àwa ni. Ibẹ̀ gan-an lagbára wa wà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti iná bọ igbó nítorí ọ̀yà, ẹ gbọ́. Ọ̀yà díẹ̀ lẹ máa rí pa. Ẹyin àparò àti ẹyin awó á jóná. Ìjàpá kò lè sáré. Ọmọ ẹtu tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sínú koríko kò ní dìde, torí pé bí a ṣe dá a nìyẹn. Iná yín kò sì mọ ààlà. Oko kaṣú ẹlòmíì ló ń bá lọ.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ń dáná sun koríko. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe tiwọn, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko, tí iná kò ní lè gun igi. Iná oṣù kejì ọdún kò jọ ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ sun oko, ẹ ro etí oko yí po kí ilẹ̀ hàn. Ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà. Ẹ gbé omi àti ewé tútù dání. Ẹ má lọ sílé títí iná á fi kú pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá nínú ọkọ̀, ẹ pa á kí ẹ tó jù ú nù.

Ó kan ọbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ẹran. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ni. Níbo ni wọ́n ti pa á? Bó bá jẹ́ inú ọgbà ni, ẹ fi í sílẹ̀, torí òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀. Ṣé aboyún ni? Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ọmọ wẹ́wẹ́ ni? Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ìyá tó ń tajà bá gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu oníbàárà mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ á lọ bi ọdẹ. Àwọn kan ń sin ọ̀yà nílé. Ẹ ra tiwọn, kí wọ́n lè sin sí i.

Ẹ̀yin olórí ọdẹ, ọ̀rọ̀ yín múlẹ̀ lágbo ọdẹ ju ti ọlọ́pàá lọ. Ẹ pe ìpàdé. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ìgbà tí a óò fi àyè sílẹ̀ fún ẹran láti bímọ. Kí oníkálukú ka tàkúté tó dẹ, kó sì tú gbogbo rẹ̀ kó tó kúrò lóko. Tàkúté wáyà tí ọdẹ gbàgbé ṣì ń pa ẹran, ẹran náà á sì jẹrà dànù síbẹ̀.

Ẹ ṣàánú akika. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ká ara rẹ̀ jọ. Bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu ẹkùn nìyẹn, ohun kan náà ló sì sọ ọ́ di ẹran tí ọmọdé lè gbé sínú àpò. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ikán àti èèrà ló ń jẹ, ikán tó ń ba òrùlé àti oko yín jẹ́. Láti 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi ìgbẹ́, ti fòfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tó wà nínú ìpẹ́ rẹ̀ náà ló wà nínú èékánná yín. Ẹ má ra ẹran rẹ̀. Ẹ má ra ìpẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàánú igún náà. Igún tí a mọ̀ lódò ẹran àti lórí ààtàn ti bọ́ sí ìsọ̀rí ẹyẹ tó fẹ́ parun pátápátá láti 2015. Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ta orí igún lọ́jà, ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ mọ ewé jù. Ẹ wá ewé tó lè dúró fún un. Ẹ má sì fi májèlé sínú òkú ẹran nítorí ajá tàbí ìkookò. Igún tó bá jẹ ẹ́ á kú.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, ló pa igún wọn tó ń jẹ òkú màlúù. Nínú igún 100, ó lé ní 95 tó bá a lọ. Òkú ẹran wá pọ̀ nílẹ̀. Ajá ìgboro rí oúnjẹ, wọ́n bí sí i, wàhálà ajá dìgbòlugi sì pọ̀ sí i.

Ó tún kan èédú. Èédú Òkè-Ògùn dé gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n igi wo ni wọ́n fi sun ún? Igi òrí máa ń tó ọdún 15 kó tó so. Ẹni tó gé e gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá tó ń fi òrí tọ́ ọmọ. Igi rosewood ńkọ́? Àwọn oníṣòwò gé e títí tí CITES fi fi òté lé òwò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kó lè tètè jinná. Ẹ dé ìkòkò. Ẹ fi ohun tó kù nínú èédú pamọ́ dọ̀la. Bí apá yín bá ká gáàsì, ẹ lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gé igi, ẹ fi igi òrí àti igi irú sílẹ̀. Ẹ gbin méjì dípò ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ má rò pé ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé jìn sí yín. Odò Ògùn gba inú ọgbà yẹn kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín. Òun ni iléeṣẹ́ omi tó wà ní Àdìyàn ń fà. Bí igbó bá tán lókè, ẹrẹ̀ ni odò á máa rù bọ̀ nísàlẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń kó ẹran tàbí igi jáde nínú ọgbà lóru, ẹ má bá wọn jà. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ sọ́kàn, àti ọjọ́, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ẹ sọ fún baálẹ̀, tàbí fún ẹ̀ṣọ́ tó wà nítòsí yín. Olú iléeṣẹ́ ọgbà náà wà nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ má gbé fọ́tò wọn sórí Facebook kí ẹ tó sọ fún ẹ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí egbin láàyè kò ní fẹ́ kí wọ́n pa á.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ kò nílò owó púpọ̀, ẹ kò sì nílò ipò. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ mú ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣe é. Lọ́la, ẹ sọ fún aládùúgbò kan kí òun náà mú tirẹ̀.